Nígbà Tí A Kó Àpótí Wa Kúrò Nílé Kọ̀ǹpútà

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wa ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù ló máa wọ̀ ní Òkìtìpupa. Yóò jókòó sórí àpò púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, tàbí sáàárín garawa epo, yóò sì gbé eruku ojú ọ̀nà dé iwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹrẹ̀ ni yóò gbé dé.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá bá mi nílé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n ní ẹnì kan ti sọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn di ti ara rẹ̀, pé àwọn fẹ́ dá gbogbo nǹkan dúró, àwọn sì gbọ́ pé mo ti ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fẹ́ ìtàn tó máa mú ara wọn gbóná. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi, ara tèmi ti tutù. Mo ti ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo ti ṣe ẹgbẹ́ olùkọ́, mo ti ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, mo ti kọrin ìjà títí ohùn mi fi há. Ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo fojú rí ni mo máa sọ, ẹni tó bá sì ń wá ìtàn akíkanjú kó kọjá sílé kejì.

Kọ̀ǹpútà tí mò ń wí yìí, ẹ má fi wé èyí tí ẹ ń gbé lé itan. Ẹ̀yin ń pè é ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Bóyá tiwa náà yára, ṣùgbọ́n kó tó kàn ọ́, wàá ti hu irùngbọ̀n. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo yunifásítì. Ó gba odindi yàrá kan, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀ nígbà tí àwa tó ń kàwé ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Kò sí pé o jókòó síwájú rẹ̀ o. Káàdì onípáálí pẹlẹbẹ ni wàá fi ẹ̀rọ kan lu ihò sí, ihò yẹn sì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Wàá to káàdì rẹ sínú àpótí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á gbé e wọlé, wàá wá padà wá gba èsì lórí bébà gígùn gbọọrọ. Bí o bá lu ihò kan ṣì, ẹ̀yìn ìlà lo tún ń lọ.

Pèpéle kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà tí a ń to àpótí sí. Ẹnikẹ́ni kì í dúró tì í. Àpótí rẹ ló ń dúró fún ọ, ìwọ lè lọ sí kíláàsì, kí o lọ jẹun, kí o lọ sùn. Àwa ọmọ Ìkálẹ̀ la mú àṣà yìí débẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì gbà á nítorí pé ó tù wọ́n lára.

Ní Òde-Ayé tí wọ́n bí mi sí, àdúgbò wa ní ẹ̀rọ onírin kan tí wọ́n fi ń fún epo, gbogbo obìnrin ló jọ ń lò ó. Obìnrin tó bá ti se ẹyìn rẹ̀ jinná á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá sórí ìlà, apẹ̀rẹ̀ yẹn ló dúró fún un. Ó lè padà lọ fún ọmọ lọ́yàn tàbí kó lọ wo iná rẹ̀. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyàwó olóyè, kò gbọ́dọ̀ sún apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn. Bí alágídí kan bá sún un, wọn kì í bá a jà. Ńṣe ni àwọn obìnrin tó kù á gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n á gba ilé lọ láìsọ nǹkan kan. Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà wúwo, ọwọ́ ẹnì kan ò lè yí i. Alágídí á dá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹyìn rẹ̀, ẹyìn á máa tutù, ẹyìn tó bá sì ti tutù kì í mú epo wá dáadáa mọ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí yóò máa kúnlẹ̀ bẹ wọ́n. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rò pé kò sí ìwà ìrẹ́jẹ láyé tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò lè wò.

Nínú gbogbo wa tó ń to àpótí sórí pèpéle yẹn, Ràmọ́tù ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ọmọ Ìjù-Odò ni. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò tó ń ta aṣọ àti kẹrosíìnì, ó sì rán ọmọbìnrin lọ sí yunifásítì nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ọdún tí Ràmọ́tù máa jáde ni à ń wí yìí, sòbìyà ló sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ sòbìyà, ẹ dúpẹ́. Aràn ni. Inú omi ni èèyàn ti ń mu ún, á fara pa mọ́ sínú ara fún nǹkan bí ọdún kan, á wá dá ẹsẹ̀ lu, á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ bí okùn. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àgbẹ̀ tí sòbìyà bá dá jókòó lásìkò iṣẹ́, oko rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nínú àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìjù-Odò, mo rí ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tó lè bu omi fún ẹnì kejì.

Ràmọ́tù fi odindi ìsinmi gígùn rin àwọn abà yẹn. Mo bá a lọ nígbà mìíràn, èmi ni mò ń wa kẹ̀kẹ́ tó ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Á kí wọn, á jókòó, á bi wọ́n pé: ibo lẹ ti ń pọnmi? Ta ni sòbìyà mú nínú ilé yìí? Ṣé lọ́dún tó kọjá náà ni? Á sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kan ló máa ka ìdáhùn wọn; ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan di káàdì. Olùkọ́ rẹ̀ ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìlera sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa gbẹ́ kànga sí àwọn ìgbèríko kan, àwọn sì máa jókòó pín in kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ Ràmọ́tù bá dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jókòó, wọ́n máa wò ó. Bí kò bá dé, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan ni Ràmọ́tù ń wá lórí ìlà yẹn.

Ọ̀gá ilé kọ̀ǹpútà jẹ́ dókítà, dókítà ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kú, ó sì fi ọmọ sáyé lọ. Dókítà Ọ̀mì là ń pè é lẹ́yìn, nítorí tẹ́tẹ́ púùlù. Nígbà náà, àti ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ ló ń ta púùlù: wàá sọ tẹ́lẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó tí wọ́n máa ta ọ̀mì lọ́jọ́ Sátidé. Dókítà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn àgbà olùkọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà lè bá wọn mọ ọ̀mì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣírí rárá. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé tó bá di Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ tí ìjọba fi owó kòkó rà fún ìmọ̀, bọ́ọ̀lù ló ń bá wọn rò. Tẹ́tẹ́ náà kì í sì í jẹ, ìyẹn ló tún ń bí mi nínú.

Kí n má purọ́, ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ò mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fi kọ̀ǹpútà yìí tẹ àwòrán obìnrin, kìkì lẹ́tà ló fi yà á láti irun orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bébà tó fi ṣòfò, ẹlòmíràn ì bá fi jáde. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, a ń fi ṣe ẹ̀rín, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Kò sí òfin kankan lára ilẹ̀kùn ilé yẹn. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, a ń lò ó bí ohun tí kò lólówó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àpótí Ràmọ́tù ti dé iwájú ìlà. Mésẹ́ńjà Dókítà jáde, ó gbé e sẹ́yìn, ó gbé ti ọ̀gá rẹ̀ síwájú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó tún ṣe é, kò tilẹ̀ fi í sórí pèpéle mọ́, ilẹ̀ ló gbé e sí, ẹni tó ń fọ ilẹ̀ sì da omi lu àwọn káàdì ìsàlẹ̀. Ràmọ́tù tún àwọn yẹn lù láìsunkún, ó wá bá wa.

Àwa mẹ́ta la lọ rí Dókítà: Ràmọ́tù, èmi, àti Ẹ̀gbọ́n Akínlàjà. Ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ni Akínlàjà, ó ti ṣe tíṣà fún ìgbà pípẹ́ kó tó wá kàwé, òun ni olórí àwa ọmọ Ìkálẹ̀ nínú ọgbà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípàdé, àní àwọn tí kì í fẹ́ràn rẹ̀ á dákẹ́.

"Sà," Akínlàjà wí, "a wá nítorí àpótí arábìnrin yìí. Wọ́n ń sún un lórí ìlà."

"Ìlà wo? Ta ló dá ìlà sílẹ̀?"

"Àwa tí à ń lo ẹ̀rọ náà ni, sà."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi táì nù ún. "Ta ló ni ẹ̀rọ náà?"

"Yunifásítì ló ni ín, sà. Gbogbo wa la ni ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé kí ẹ yọ ìpín tiyín, kí ẹ máa gbé e lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, mésẹ́ńjà rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ràmọ́tù tí kò tíì sọ̀rọ̀ wá ní, "Sà, omi tí àwọn ará abà ń mu ló ń fi sòbìyà dá wọn lẹ́sẹ̀ lu. Iṣẹ́ tèmi kò ní gba wákàtí kan."

"Ọmọ mi," Dókítà dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "sòbìyà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Á dúró dè ọ́ di Mọ́ńdè."

Mọ́ńdè dé, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́ iṣẹ́, wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà kó má baà gbóná jù. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe tán, Ọjọ́bọ̀ ti dé.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn oúnjẹ, èèyàn kún débi pé àwọn kan dúró sórí tábìlì. Àwọn kan ní ká lọ fọ́ fèrèsé. Àwọn kan ní ká gé wáyà iná. Akínlàjà wá dìde, ó na ọwọ́ títí ariwo fi rọlẹ̀, ó sọ ìtàn ẹ̀rọ ìfúnpo fún wọn, láti orí apẹ̀rẹ̀ dé orí ẹyìn tó tutù. Ó ní, "A kò ní fọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká gbé àpótí wa kúrò nílé wọn. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbé tirẹ̀. Kí ilé náà tutù mọ́ wọn lórí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa wá bẹ̀ wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!"

Gbọ̀ngàn hó. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dájú pé òótọ́ ni. Ràmọ́tù na ọwọ́ sókè, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ dákun, nílé, ọwọ́ àwọn obìnrin ló ń yí ẹ̀rọ. Ọwọ́ ta ló ń yí kọ̀ǹpútà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ ìjà la wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Akínlàjà fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀: "Ọma mi, fọkàn balẹ̀. Ìtìjú ló ń yí gbogbo ẹ̀rọ." Ìyẹn dùn létí ju ìbéèrè rẹ̀ lọ, wọ́n sì dìbò. Ọwọ́ tí kò gbà á ò pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ kó àpótí. Orí la gbé e rù, bí àwọn ìyá wa ti ń ru apẹ̀rẹ̀, a sì tò lẹ́sẹẹsẹ gba àárín ọgbà kọjá. Akínlàjà ló dá orin náà:

Ẹ má bá wọn jà o,
Ẹ gbẹ́rù yín ńlẹ̀;
Adánìkan-lò-ó,
Dá a yí ká wò ó.

Ràmọ́tù ru tirẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wa. Kò kọrin, ṣùgbọ́n kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ẹgbẹ́ ti pàṣẹ. Dókítà Ọ̀mì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò wá. Pèpéle ti ṣófo. Ó fọwọ́ gbá a bí ẹni ń yẹ eruku wò, ó wá kígbe sí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé wá mọ́ tónítóní!" Ó padà wọlé. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń tẹ bébà.

Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà di tiwọn láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò tún ní láti sún àpótí ẹnikẹ́ni. Kọngilá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìṣirò owó àwọn lébìrà rẹ̀ wá síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwa ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé náà láti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò wọlé. Àwa gan-an la wá di ẹni tó ń bá wọn ṣọ́nà.

"Ẹ ní sùúrù," Akínlàjà ń wí. "Ẹyìn wọn á tutù."

"Ẹ̀gbọ́n, káàdì kì í tutù," Ràmọ́tù dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí mi. "Ayọ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀bìtì ò bá pa eku, ẹ jẹ́ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹ fún mi ní ààyè mi padà."

Mo bá a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Ràmọ́tù nìkan wọlé, nítorí àwọn ará abà. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá wọlé, ìjà ti fọ́. Ẹnì kan tí òun náà ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ béèrè bóyá sòbìyà Ìkálẹ̀ ló ṣe pàtàkì ju ikọ́ àwọn ọmọdé ìlú tòun lọ. Ohùn mi kò ju ohùn wọn lọ, wọ́n sì tún dìbò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn ti dé etí Ràmọ́tù pé àwọn ará ìjọba máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Akínlàjà dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ǹpútà. Kò kanra. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Ràmọ́tù, bí o bá wọlé, o ti tà wá."

"Ta ni mo tà? Ẹ̀yin lẹ ń mu omi ọ̀hún?"

"Ìjà ló ń bí irú nǹkan báyìí. Ní sùúrù fún wa."

"Mo ti ní sùúrù fún Dókítà. Mo wá ní i fún yín. Àwọn ará abà ni ẹnikẹ́ni ò ní sùúrù fún."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo kígbe pé kí wọ́n dákẹ́. Dókítà Ọ̀mì ti yọjú láti inú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ní, "Wọlé, ọmọ mi, wọlé. Ìwọ nìkan ló gbọ́n nínú wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Mo rí i bí ojú Ràmọ́tù ṣe yí padà. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí láyà rẹ̀, ó wo Dókítà, ó wò wá, ó sì yí padà lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ìgbéraga ni tàbí ìfẹ́ ẹgbẹ́. N kò bi í léèrè rí.

Ohun tí ó ṣe yẹn ló la ojú wa. Ẹgbẹ́ pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akínlàjà fúnra rẹ̀ ló ní ká yí ọwọ́ padà, pé Dókítà nìkan ló ń jèrè ìjà wa. Ní ọjọ́ kejì, a gbé gbogbo àpótí padà sórí pèpéle, àwa fúnra wa jókòó sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé inú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí púùlù wọlé, orí wa ló máa gbà kọjá. Àwọn olùkọ́ kéékèèké bá wa jókòó, olùkọ́ Ràmọ́tù náà sì gbé àga tirẹ̀ wá. Ìyẹn gan-an ni ìjà. Ìyẹn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ kó má ka káàdì wa, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ti dé, wọ́n yin tajútajú sí wa, wọ́n sì ti yunifásítì pa. Wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé.

A wọ ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Òkìtìpupa. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí ká wa mọ́ ọ̀nà, tapólì tó bo ọkọ̀ sì ti ya. Ràmọ́tù bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ bo àpótí, ó wá jókòó bẹ́ẹ̀ nínú òjò, eyín rẹ̀ ń gbá pọ̀. Kò sí ẹni tó kọrin nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí a dé Òkìtìpupa, Akínlàjà bá a gbé àpótí sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, a ti borí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pàtẹ́wọ́, a borí. Wọ́n ti gbé Dókítà Ọ̀mì kúrò lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ọ́fíìsì náà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lẹ òfin mọ́ ilẹ̀kùn. Kò sí tẹ́tẹ́, kò sí iṣẹ́ kọngilá, kò sí àwòrán obìnrin. Àpótí tó bá ti wà lórí ìlà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún un, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé wa lo ẹ̀rọ yẹn ní ìrọ̀rùn, wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jìyà nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọba ti jókòó, wọ́n ti pín kànga, wọn ò sì pín ọ̀kankan sí ẹ̀yìn Ìjù-Odò. Ọ̀rinrin ti mú káàdì Ràmọ́tù wú, ẹnu kọ̀ǹpútà ò gbà á, kò sí ohun tó kù ju kó tún gbogbo rẹ̀ lù lọ. A bá a lù ú. Akínlàjà lù ju gbogbo wa lọ. Èsì jáde, ó dára, ó mọ́ gaara, wọ́n sì fún Ràmọ́tù ní ìwé ẹ̀rí tó dára. Olùkọ́ rẹ̀ fi ẹ̀dà èsì ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọba, wọ́n ní àwọn ti rí i gbà. Ràmọ́tù gba iṣẹ́ sí Òkè-Ọya, kò sì padà wá sílé bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wá bá mi, ẹ bi mí pé ṣé ìjà náà tọ́. Ó tọ́. Ohun àjọlò tí kò bá ní ẹni tó ń gbà á sílẹ̀, alágbára á sọ ọ́ di ti ara rẹ̀, aláìlágbára á sì fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn yẹn pa, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí títì rẹ̀ máa pa lára. Ẹ béèrè ẹni tó wà lórí ìlà tí kò lè dúró. Kí ẹ sì yé lẹ àwòrán mọ́ ògiri, nítorí mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà ń fi kọ̀ǹpútà yín ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbọ́. Àwa náà ò gbọ́ ti Ràmọ́tù.

Èmi àti Ràmọ́tù pàdé nígbà tó yá, ó ti padà wá ń kọ́ni ní Òkìtìpupa, irun ti ń funfun lórí àwa méjèèjì. Ìsìnkú kan gbé wa dé ọ̀kan nínú àwọn abà yẹn. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, àpá sòbìyà tò sí i lára láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó tẹjú mọ́ Ràmọ́tù.

"Ùwọ nìyí, ọma mi? Ùwọ lo wá bi wá nípa omi?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Kí ló wí?"

Ràmọ́tù kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀ nípa kànga, nípa àwọn ará ìjọba, nípa wa. Ó ní, "Ìyá, ó wí pé ilé tó ń pọnmi nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni sòbìyà ń mú. Àwọn tó ń lọ sí odò tó ń ṣàn, kì í mú wọn."

Ìyá náà wo ọ̀nà tó gba àárín ọ̀pẹ lọ sí odò, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Odò kò jìnnà," ó ní. "Ẹ ì bá sọ fún wa. À bá ti lọ."